Kapitan Policarpo Sanwó Kí Ó Tó Rówó

Bí ẹ bá wọ àdúgbò Balite ní ọdún tí mò ń wí yìí, ojú Kapitan Policarpo Dimayuga ni yóò kọ́kọ́ kí yín. Mi ò ní òun fúnra rẹ̀ o. Ojú rẹ̀ ni mo wí, tí wọ́n tẹ̀ sórí tapólì tó fẹ̀ ju ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ. Ó wà lẹ́nu ibodè, ó ń rẹ́rìn-ín: KAPITAN YÍN Ń KÍ YÍN KÁÀBỌ̀. Ó wà ní ibùdókọ̀. Ó wà létí pápá tí àwọn ọmọ ti ń ju bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n. Ó wà lára ṣáláńgá gbogboogbò pàápàá, ẹni tó bá sì lóṣòó níbẹ̀, olórí àdúgbò ni yóò máa wò ó títí yóò fi ṣe tán.

Kapitan kì í ṣe olè, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn kí ẹ má baà ṣì í gbọ́. Kò fọwọ́ kan owó àdúgbò rí. Owó oṣù ara rẹ̀ ni ó fi ń tẹ ojú ara rẹ̀. Bí oṣù bá parí, Meding ìyàwó rẹ̀ á tẹ́wọ́ pé kí ó fún òun lówó ọbẹ̀, tapólì tuntun tó ní ojú ọkọ rẹ̀ ni yóò rí gbà.

Gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn tí a bá ti fa àsíá sókè níwájú gbọ̀ngàn àdúgbò, Kapitan á gun orí àpótí, á tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, á sì bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi! Nígbà tí mo bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi ni mò ń sọ̀rọ̀. Ìtàn ni! Ìran tí a kò tíì bí ń gbọ́ mi!"

"Ẹ gbọ́! Ẹ gbọ́!" Turing nìyẹn, ọmọ ìgbìmọ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ò ju kí ó máa pariwo "Ẹ gbọ́" lọ.

Lọ́jọ́ kan, ajá Mang Gorio, aládùúgbò wa kan, gbó sí ọ̀rọ̀ ìtàn. Kapitan dákẹ́. Ó ní ta ló lajá. Turing dọ̀bálẹ̀ fún un pẹ̀lú ohùn: "Kapitan, ẹ má bínú sí i, ajá yẹn ò kàwé ni." Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìgbìmọ̀ ti ṣòfin pé ajá kankan kò gbọdọ̀ gbó nígbà tí Kapitan bá ń sọ̀rọ̀, pé ẹni tí ajá rẹ̀ bá gbó yóò gbá gbọ̀ngàn. Àwa náà sì pàtẹ́wọ́. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó máa lọ tọrọ ìwé ẹ̀rí ìwà rere lọ́wọ́ Kapitan lọ́la kì í káwọ́ gbera lónìí.

Ọdún yẹn náà ni Kapitan pe ìpàdé ńlá nípa àwọn alágbàtà owó orí fóònù, àwọn tó ń sọ pé àwọn máa bá èèyàn yá owó, tí wọ́n á kọ́kọ́ ní kí ó san ti ìforúkọsílẹ̀, kí ó san ti kíní yìí, kí ó san ti tọ̀hún, títí owó tó fẹ́ yá á fi di ìtàn. Kapitan sọ̀rọ̀ títí oúnjẹ ìpàdé fi tutù. Ó tẹ tapólì fún un, èyí tó tóbi jù lọ, ó gbé e kọ́ síwájú ilé ara rẹ̀. Ojú rẹ̀ le koko níbẹ̀, ó na ìka sí ẹni tó ń kọjá: ẸNI TÓ GBỌ́N KÌ Í SANWÓ KÍ Ó TÓ RÓWÓ.

Ẹ fi tapólì yẹn sọ́kàn.

Nígbà tí ọdún San Isidro, ẹni mímọ́ tó ń dáàbò bo àdúgbò wa, ń bọ̀, Fada bèèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ta ni yóò jẹ Baba Ọdún. Baba Ọdún ni ẹni tó ń bọ́ gbogbo àdúgbò lọ́jọ́ àjọ̀dún, iyì rẹ̀ sì pọ̀. Mang Gorio, tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ se oúnjẹ nínú ọkọ̀ òkun kó tó fẹ̀yìntì, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọwọ́ sókè jẹ́jẹ́. Ọwọ́ náà ò tíì dé èjìká tí Kapitan ti fò dìde.

"Èmi ni! Odindi ẹlẹ́dẹ̀ sísun kan fún gbogbo òpópónà! Ẹgbẹ́ onífèrè láti ìlú ńlá! Kí San Isidro fúnra rẹ̀ wá jẹun!"

Meding tó jókòó tì í já a ní èékánná lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu.

Nígbà tí wọ́n délé, Meding ò tilẹ̀ tíì ṣí gèlè orí rẹ̀.

"Bàbá Liezl, owó dà?"

"Ọlọ́run á pèsè."

"Ọlọ́run ló ní kí ẹ dìde ni? Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Bí ojú yín bá ṣèèṣì kọjá lọ sí ilé ẹlẹ́dẹ̀ mi, èmi pẹ̀lú yín ni. Àwọn ọmọ Señora yẹn, owó ìdánwò Liezl ni. Ẹ má fi ẹnu yín jẹ wọ́n o."

Señora ni abo ẹlẹ́dẹ̀ Meding. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, àwọn ọmọ tó pupa fòò, tó ń mu ọmú bí ẹni tí wọ́n sanwó fún. Liezl, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ti kẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì parí; ìdánwò ìjọba ló kù, ẹni tí kò bá sì sanwó kí oṣù tó parí á dúró di ọdún mìíràn. Àwọn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ yẹn ni Meding ti ń bọ́ pẹ̀lú èérún ìrẹsì ẹnu rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Kapitan mọ gbogbo rẹ̀. Ó ní òun ò ní fọwọ́ kàn wọ́n, tọkàntọkàn ló sì sọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ wá owó yá lórí fóònù. Ọ̀dọ́bìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Miss Precious Joy, alágbàtà owó, fọ́tò rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín bí ẹni ọ̀run.

Ó kọ̀wé sí Kapitan pé: "Ṣé Kapitan fúnra yín ni? Áà! Ara mi ń gbọ̀n."

Kò tíì sí ẹni tí ara rẹ̀ gbọ̀n nítorí Kapitan rí láyé, àfi Turing lọ́jọ́ tí ibà ń ṣe é. Kapitan ka ọ̀rọ̀ náà, ó tún un kà, ó wojú dígí. Ẹ ó bi mí pé, tapólì iwájú ilé ńkọ́? Ó wò ó láti ojú fèrèsé. Ó rò ó sọ́tùn-ún, ó rò ó sósì, ó sì rí i pé àwọn ará ìlú ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ẹni tó kọ ìkìlọ̀ ti bọ́ nínú ìkìlọ̀.

Miss Precious Joy ní kí ó kọ orúkọ rẹ̀. Èèyàn mìíràn á kọ orúkọ. Kapitan kọ: Ọlọ́lá Kapitan Policarpo Dimayuga, Baba Àlàáfíà, Akọni Pápá Bọ́ọ̀lù, Baba Ọdún San Isidro. Ọ̀dọ́bìnrin náà ní kí ó dárúkọ èèyàn méjì tó mọ̀ ọ́n. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó o mọ̀ ni iyì rẹ, nítorí náà Kapitan kò jẹ́ fi méjì tẹ́ ara rẹ̀. Ó kọ olórí ìlú, ó kọ Fada, ó kọ ọ̀gá ọlọ́pàá, ọ̀gá ilé ìwé, Turing, ó sì kọ Mang Gorio kún un kí ilé ìyáwó lè mọ̀ pé òun mọ àwọn tó ti dé òkè òkun. Gbogbo wọn pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù wọn. Wọ́n ní kí ó fi fọ́tò ránṣẹ́. Ó fi ti tapólì ránṣẹ́, èyí tó na ìka.

"Ọlọ́lá, ẹ ti wọlé!" ni Miss Precious Joy kọ. "Ó ku owó ìforúkọsílẹ̀ lásán."

Kapitan bèèrè, ó sì rọra bèèrè ni, pé ṣé wọn kò lè yọ ọ́ nínú owó tí òun fẹ́ yá.

"Áà, Ọlọ́lá! Ìyẹn, fún àwọn mẹ̀kúnnù ni."

Ó san án lójú ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó di owó ìdánilójú, nítorí pé owó ńlá kì í rin ìrìn àjò láìní ẹ̀ṣọ́. Ó yá a lọ́wọ́ Turing, ó ní iṣẹ́ àṣírí ìjọba ni. Lọ́jọ́ kẹta, àjálù dé. Báńkì ti fẹ́ san owó náà, ṣùgbọ́n orúkọ tó wà lọ́dọ̀ wọn kúrú, èyí tí Kapitan kọ gùn. Owó ti há sí agbedeméjì. Kí wọ́n lè fà á jáde, wọ́n ní láti yọ àwọn oyè kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, oyè kọ̀ọ̀kan ló sì ní owó tirẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Kapitan mọ iye tí oyè ń jẹ́.

Ọjọ́ àjọ̀dún ń sún mọ́lé. Ó ti ṣèlérí fún ẹgbẹ́ onífèrè. Ó ti fi ẹnu sun ẹlẹ́dẹ̀ gbogbo òpópónà. Ó dìde, ó lọ bá Meding ní ibi tó ti ń fọṣọ.

"Ìyá Liezl, àrùn ẹlẹ́dẹ̀ ń jà nílùú. Mo fẹ́ kó àwọn ọmọ Señora lọ gba abẹ́rẹ́."

"Gbogbo wọn?"

"Ṣé o fẹ́ kí díẹ̀ kú ni?"

Meding wò ó. Ó tún aṣọ fún, ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí oòrùn pa wọ́n lójú ọ̀nà." Ó tilẹ̀ fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo àpò tí wọ́n kó wọn sí.

Kapitan tà wọ́n lọ́jà ìlú. Señora ké títí, ó fi imú gbún ilẹ̀kùn ilé rẹ̀, igbe yẹn sì wà létí Kapitan bí ó ti ń tẹ owó náà ránṣẹ́. Ó ní kò burú, bí owó yíyá náà bá ti dé, òun á ra méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó dá a lójú. Ohun tó dùn mí nìyẹn nínú ọ̀rọ̀ yìí, pé ó dá a lójú.

Lọ́jọ́ kejì Miss Precious Joy kọ̀wé pé ó ku owó ìtúsílẹ̀.

Kapitan fa fóònù mọ́ra. Ó tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà ńláńlá: ṢÉ O MỌ ẸNI TÍ MO JẸ́?

Èsì dé kíá. "A mọ̀ ẹ́ dáadáa. Fọ́tò rẹ wà lọ́wọ́ wa. Gbogbo èèyàn rẹ wà lọ́wọ́ wa. Sanwó, tàbí kí o rí nǹkan."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ bọ̀, "ẹ" ni Miss Precious Joy ń sọ sí i. Ọjọ́ yẹn ni Kapitan di "o".

Ó di àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Gbogbo wa pé síwájú gbọ̀ngàn, Fada náà wà níbẹ̀ nítorí ètò àjọ̀dún. Kapitan gun orí àpótí. Kò sùn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ń pe ara rẹ̀ ní ìtàn kò lè sọ pé ó rẹ òun.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi! Àjọ̀dún tí à ń retí yìí..."

Fóònù ọ̀gá ilé ìwé dún. Ti Fada dún nínú ẹ̀wù rẹ̀. Ti Mang Gorio dún. Kapitan rí i bí wọ́n ṣe ń tẹ orí ba, inú rẹ̀ sì dùn díẹ̀. Ó rò pé ọ̀rọ̀ òun ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn. Ó gbé ohùn sókè.

Ti Turing náà dún. Turing wo fóònù, ó rí fọ́tò Kapitan. Gbogbo mẹ́sééjì tó bá ti ní ojú Kapitan nínú, kíkà sókè ni Turing ń kà á. Àṣà rẹ̀ nìyẹn látọjọ́ tó ti wọ ìgbìmọ̀. Ó já maíìkì gbà.

"Ẹ gbọ́! Ẹ gbọ́! 'Ọlọ́lá Kapitan Policarpo Dimayuga, Baba Àlàáfíà, Akọni Pápá Bọ́ọ̀lù...'"

A pàtẹ́wọ́.

"'...onígbèsè paraku ni. Ó sá fún owó wa. Ẹ̀yin tí ó fi ṣe onídùúró, ẹ sọ fún un pé kí ó má jẹ́ kí a...'"

Ahọ́n Turing ló kọ́kọ́ mọ ohun tó ń kà, kí Turing tó mọ̀. Ó rọra gbé maíìkì sílẹ̀ lórí àpótí. Fọ́tò náà ti yí gbogbo ọwọ́ ká: ojú kan náà, ìka kan náà, wọ́n wá kọ OLÈ gàdàgbà sí iwájú orí rẹ̀. Ajá Mang Gorio gbó. Ó gbó, ó tún gbó, kò sì sí ẹni tó rántí òfin.

Kapitan la ẹnu. Ó fẹ́ sọ pé ọ̀tá ni. Ó fẹ́ sọ pé kò sí kọ́bọ̀ owó wọn tó wọ ọwọ́ òun, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń fi irú òótọ́ bẹ́ẹ̀ gbèjà ara rẹ̀? Kó tó rí ọ̀rọ̀ kan mú, ohùn kan ti ẹ̀yìn wá. Meding ni. Kò bèèrè gbèsè, kò bèèrè fọ́tò.

"Bàbá Liezl, àwọn ọmọ Señora dà?"

"Mo ti tà wọ́n," ni Kapitan wí.

Maíìkì ṣì wà nítòsí, nítorí náà gbogbo àdúgbò gbọ́ ọ, kódà àwọn tó wà ní ṣáláńgá.

Mi ò ní sọ ohun tí Meding sọ nílé, torí pé kò sọ nǹkan kan. Liezl ló sọ̀rọ̀. Ó jókòó ti bàbá rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó ní, "Bàbá, ẹ fi sílẹ̀. Màá dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ọdún kan ò pọ̀." Bí ó bá bú u ni, ìbá sàn. Kapitan Policarpo, ìtàn alààyè, bú sẹ́kún bí ọmọ tí wọ́n gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ikun ń dà lára kọ́là ẹ̀wù.

Nígbà tó rí ara rẹ̀ mú, ó fi ẹsẹ̀ lásán lọ sí ilé Mang Gorio.

"Mang Gorio, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba àjọ̀dún yìí lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin ló tọ́ sí tẹ́lẹ̀. Mo rí ọwọ́ yín lọ́jọ́ yẹn. Mo rí i, ni mo ṣe yára."

Mang Gorio ń bó àlùbọ́sà. Kò gbójú sókè. "Mo ti ra ìrẹsì láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo mọ̀ pé ẹ máa wá."

"Odindi ẹlẹ́dẹ̀ tí mo ṣèlérí ńkọ́?"

"Wọ́n ti sun yín lódindi, Kapitan. Ó tó àdúgbò jẹ." Ó ti ọ̀bẹ kan sí i. "Ẹ jókòó, ẹ bá mi bó o."

Lọ́jọ́ San Isidro, kò sí onífèrè, kò sí ẹlẹ́dẹ̀ sísun. Mang Gorio se pancit, irú nọ́dùlù ilẹ̀ wa, nínú ìkòkò tó tó ọkọ̀ ojú omi, gbogbo ilé sì gbé ohun tí wọ́n ní wá. A jẹ, a yó, mo sì gbọ́dọ̀ sọ pé ó dùn ju ọ̀rọ̀ Kapitan lọ. Àwọn àgbà máa ń wí pé àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni Kapitan wà, ó ká apá ẹ̀wù, ó ń fọ abọ́ gbogbo wa.

Ibẹ̀ ni Turing ti wá bá a, ó ń wo ọ̀tún wo òsì.

"Kapitan, owó oyè yẹn... ṣé wọ́n gbà á lọ́wọ́ yín lóòótọ́?"

"Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?"

"Wọ́n ní mo kọ Ọlọ́lá mọ́ orúkọ tèmi náà ni."

Kapitan jẹ́ kí abọ́ bọ́ sínú omi. Kó tó fèsì, ọ̀gá ilé ìwé ti dé pẹ̀lú abọ́ tí kò tilẹ̀ dọ̀tí. Ó ní òun náà san ti ìforúkọsílẹ̀ àti ti ìdánilójú fún Miss Precious Joy.

"Kí n tó pe ìpàdé yẹn ni?"

"Nínú ìpàdé náà ni, Kapitan. Bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mò ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ kàn rí i pé mò ń kọ nǹkan, ẹ ní kí àwọn yòókù fi mí ṣe àwòkọ́ṣe."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìlà àwọn tó fẹ́ fọ abọ́ ti gùn ju ìlà oúnjẹ lọ. Gbogbo wọn ló sanwó. Gbogbo wọn ló pàtẹ́wọ́ fún ìkìlọ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ kan náà sanwó. Kapitan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ nínú omi abọ́, Turing náà jókòó tì í, kò sì pariwo "Ẹ gbọ́." Lọ́jọ́ kejì gbogbo wọn lọ fi ẹjọ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá nílùú, wọ́n gba ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. Owó ò tíì padà títí di bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, kí n má parọ́.

Ìdánwò Liezl ló kù. Oṣù ń lọ sópin.

Àkókò ìkórè ni. Gbogbo wa ń sá ìrẹsì sí etí ọ̀nà, òjò sì ń halẹ̀. Aling Sepa, àgbà obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́, kan ilẹ̀kùn Kapitan.

"Kapitan, ojú yín tó wà lẹ́nu ibodè yẹn, ṣé ẹ ó tà á? Ilẹ̀ ń ba ìrẹsì mi jẹ́. Ojú yín fẹ̀, á gbà á."

Kapitan bínú. Ó mí kanlẹ̀. Ó wo Liezl tó ń ká aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀ sínú àpótí. Lẹ́yìn náà ló wọ bàtà, ó gbé àkàsọ̀.

Ó sọ gbogbo ojú rẹ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ti ibodè lọ fún ìrẹsì Aling Sepa. Ti ibùdókọ̀ di òrùlé ilé adìyẹ. Awakọ̀ kan ra ti pápá bọ́ọ̀lù, ó fi bo kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ti ṣáláńgá, wọ́n fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó rà á. A ná an lówó, ó bá wa ná an, ó ní imú òun nìkan tó owó tí a mú wá. Meding, tí kò tíì bá a sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ Ajé yẹn, ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń gba owó. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kó pé, ó ti ọwọ́ bọ àyà, ó fi owó ẹyin kún un. "Bàbá Liezl," ló wí, "ojú yín wúlò o jàre." Ó sọ̀rọ̀ sí i, Kapitan sì yára wo ibòmíràn kí omi ojú má baà bọ́. Liezl sanwó ìdánwò ní ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù.

Nígbà tí ìdìbò dé, Kapitan ò jáde dupò mọ́. Bí ẹ bá dé Balite nísinsìnyí, ẹ ó rí i létí ọ̀nà pẹ̀lú wa, ó bọ́ bàtà, ó ń fi ẹsẹ̀ tú ìrẹsì lórí ẹ̀rín ara rẹ̀, ajá Mang Gorio á sì sùn sí ibi tí etí rẹ̀ wà.

Tapólì kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù, èyí tó na ìka. Ó ti gbé e wọlé, ó gbé e kọ́ síbi ẹsẹ̀ ibùsùn rẹ̀. Aling Sepa rí i lọ́jọ́ kan láti ẹnu ọ̀nà, ó sì bèèrè iye tó ń tà á, nítorí òrùlé rẹ̀ ń jò.

"Ìyẹn kì í ṣe títà, Aling Sepa," ni Policarpo wí. "Mi ò tíì kà á tán."